Ara tó le gbagidi lẹ́yìn abẹ́rẹ́: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan láti ilẹ̀ Yàgbà

Ìṣẹ̀lẹ̀ tí mo kọ sílẹ̀ yìí wáyé ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní ilẹ̀ Yàgbà, ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogí, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ìdílé aláìsàn náà gbà kí n kọ ọ́. Mo ti yí ọjọ́ orí, iṣẹ́ àti abúlé wọn padà débi tí ẹnikẹ́ni kò fi ní dá wọn mọ̀, ṣùgbọ́n n kò fọwọ́ kan ohun tó jẹ mọ́ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀, àti bí ara ọmọ náà ṣe gbà á. Ọ̀rọ̀ tí mo ní í sọ kò pọ̀: oògùn àrùn ọpọlọ kò mọ àrùn, ibi tí yóò bà lé lára sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ nìkan ló mọ̀. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀ lè yí iṣẹ́ rẹ̀ padà, ì báà jẹ́ ohun tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn tàbí ohun tí a wú nínú igbó.

Ọ̀dọ́kùnrin ẹni ọdún 23 ni aláìsàn náà. Ó ń bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, wọn a sì kó o lọ sí Kàbà fún àwọn oníṣòwò tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Kì í mu igbó, ọtí kò sì jẹ mọ́ ọ. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa ni oorun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, tó ń rìn káàkiri àgbàlá lóru, tó sì ń dá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ń gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n ń ròyìn ohun tí òun ń ṣe bí òun ṣe ń ṣe é lọ́wọ́. Nígbà tí àsìkò kajú wọlé gan-an, ó gbà pé iye tí òṣùwọ̀n bá gbé jáde ni àwọn oníbàárà fi ń pàrokò nípa òun fún ara wọn. Ó da àpò kajú méjì nù sójú títì nítorí èyí. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní kí ó lọ sinmi nílé.

Ilé oníṣègùn ìbílẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, kò sì yà mí lẹ́nu, nítorí pé lágbègbè wa, bàbá oníṣègùn ń gbé ní àdúgbò, kì í gba owó ọkọ̀, ó sì máa ń fi sùúrù gbọ́ ọ̀rọ̀ gbogbo ìdílé. Àgbo tó fún wọn mú kí ọmọ náà sùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìrìn òru dáwọ́ dúró, ìbínú rẹ̀ rọlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ohùn yẹn kò lọ, ìgbàgbọ́ rẹ̀ nípa òṣùwọ̀n kajú kò sì yí padà. Ní ọjọ́ kan ó fa àdá yọ sí aládùúgbò kan. Kò ṣe é léṣe, àmọ́ ẹ̀rù ba gbogbo ilé, wọ́n sì gbé e wá bá wa ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì.

Nígbà tí a ń gbà á wọlé, a bi ìyá rẹ̀ bóyá ó ti lo ohunkóhun ṣáájú. Ó ní rárá. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà, tó jẹ́ díákónì nínú ìjọ wọn, ló dúró tì í, òun ló san owó ìwòsàn, wọ́n sì ti pa á mọ́ fún un pé àwọn dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Ta ni ìyá yẹn ì bá sọ òtítọ́ fún lójú irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kọ abẹ́rẹ́ haloperidol mílígíráàmù 5 fún un, ó sì ní kí a tún fún un ní mílígíráàmù 5 mìíràn ní alẹ́ bí kò bá rọlẹ̀. A fún un ní méjèèjì. Láti ọjọ́ kejì ló ti ń gbé hóró haloperidol mì, mílígíráàmù 5 ní àárọ̀ àti 5 ní alẹ́. Kò sí ohun àjèjì nínú èyí. Oògùn wèrè àtijọ́ ni haloperidol, ọdún 1958 ni wọ́n ṣe é ní ilé iṣẹ́ Paul Janssen ní Bẹ́ljíọ̀mù, kò wọ́n, ó sì máa ń wà nílẹ̀ nígbà tí àwọn oògùn tuntun kò bá sí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọrùn rẹ̀ yí sẹ́yìn. Ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì yí sókè, wọn kò sì padà wálẹ̀. Àgbọ̀n rẹ̀ há, ahọ́n rẹ̀ yọ síta díẹ̀, itọ́ ń dà, ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ̀ kọdọrọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ojú rẹ̀ ṣì mọlẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ, ìrora sì hàn lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fi igbe ta. Díákónì ní ogun òkùnkùn ló ti dìde, ó sì fẹ́ kí a tú u sílẹ̀ kí òun gbé e lọ sí ibi àdúrà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbàdúrà yín níbí, kí ẹ sì fún mi ní ìdajì wákàtí péré.” Ó gbà.

Kí n tó sọ ohun tí a ṣe, ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ ọmọ náà. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan kì í fi ara kan èkejì. Àlàfo tó kéré gan-an wà láàárín wọn, èyí tó bá sì fẹ́ rán iṣẹ́ yóò tú kẹ́míkà kan sínú àlàfo náà. Lára sẹ́ẹ̀lì tó ń gba iṣẹ́ ni àwọn ojú kan wà tí kẹ́míkà yẹn yóò bà lé, àwọn ni àwọn oníṣègùn ń pè ní rìsẹ́pítọ̀. Dópámìnì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn kẹ́míkà wọ̀nyí, ọ̀kan nínú àwọn rìsẹ́pítọ̀ rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní D2. Haloperidol mọ D2 débi pé ó lè bà lé e kí dópámìnì tó dé, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ iṣẹ́ náà. Ó dà bí ẹni tó jókòó sórí àga olóyè láàfin, tí kò dá ẹjọ́, tí kò sì jẹ́ kí olóyè rí ibi jókòó. Ọdún 1975 ni Philip Seeman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto, ní Kánádà, fi hàn pé ojú yìí gan-an ni àwọn oògùn wèrè ń bà lé, àti pé bí agbára oògùn kan láti dì mọ́ ọn bá ṣe pọ̀ tó ni ìwọ̀n tí aláìsàn nílò ṣe máa ń kéré tó. Ìdí nìyí tí mílígíráàmù 5 haloperidol fi tó, tó sì jẹ́ pé ọgọ́rùn-ún mélòó kan mílígíráàmù ni a ń lò bó bá jẹ́ Largactil, oògùn wèrè àtijọ́ mìíràn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé D2 kò sí ní ibì kan ṣoṣo. Ó wà ní ọ̀nà tí dópámìnì ń gbà sọ fún ọpọlọ pé ohun kan ṣe pàtàkì, pé kí a fiyè sí i. Ibẹ̀ ni a gbà pé àṣejù dópámìnì ti ń sọ òṣùwọ̀n kajú di àrokò. Ó tún wà ní ọ̀nà mìíràn tó ń darí bí iṣan ṣe ń le àti bí ó ṣe ń dẹ̀. Ó wà pẹ̀lú ní ibi tó ń dá omi ọmú dúró, ìdí nìyí tí àwọn obìnrin kan tó ń lo haloperidol fi máa ń rí omi ọmú láìlóyún, tí nǹkan oṣù wọn sì ń dáwọ́ dúró. Abẹ́rẹ́ kò lè yan ọ̀kan kí ó fi èkejì sílẹ̀. Ó ń gba inú ẹ̀jẹ̀ dé gbogbo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ìwòsàn tí a ń retí àti ọrùn tó yí sẹ́yìn, orí rìsẹ́pítọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá. Èyí ni ó ṣòro jù láti mú kí ìdílé gbà, nítorí pé ohun tí wọ́n rí ni pé ọmọ wọn rìn wọlé, kò sì lè rìn jáde.

Ní ọ̀nà ìṣípòpadà yẹn, kẹ́míkà kejì kan wà, asẹtilikólìnì, tí dópámìnì máa ń ká lọ́wọ́ kò. Nígbà tí haloperidol bá dí D2 pa lójijì, asẹtilikólìnì a tú jáde ju bó ṣe yẹ lọ, iṣan a sì fà. Àwọn ọkùnrin tó kéré lọ́jọ́ orí ló máa ń ṣe jù, láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ sì ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ohun tí a ń wá ni oògùn tí yóò bà lé rìsẹ́pítọ̀ asẹtilikólìnì, kí ó sì dí òun náà. Promethazine, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Phenergan, tí wọ́n ń lò fún ara yíyún àti èébì, ní irú agbára yẹn nínú. A gún un ní mílígíráàmù 50. Kò tó ìdajì wákàtí tí ojú rẹ̀ fi sọ̀ kalẹ̀, tí àgbọ̀n rẹ̀ sì ṣí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ni pé ebi ń pa òun. Díákónì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, èmi náà dúpẹ́, a sì fi hóró benzhexol, tí òun náà ń dí rìsẹ́pítọ̀ asẹtilikólìnì, mílígíráàmù 2 kún oògùn rẹ̀ ní àárọ̀ àti ọ̀sán kí ọrùn yíyí má baà padà wá.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá parí síbẹ̀, n kì bá tí kọ ọ́, torí pé kò sí ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́ tí kò tíì rí ọrùn yíyí rí. Ohun tó tẹ̀ lé e ló ṣe mí ní kàyéfì. Ọrùn rẹ̀ kò yí mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ kẹfà ni gbogbo ara rẹ̀ ń le sí i. Ojú rẹ̀ kò fi ẹ̀rín tàbí ìbínú hàn, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í fì nígbà tó bá ń rìn, ó sì lè di ṣíbí mú lẹ́nu fún ìṣẹ́jú gígùn kí ó tó gbé oúnjẹ mì. Dókítà dín haloperidol kù sí mílígíráàmù 5 lójúmọ́. Kò sí ìyàtọ̀. Àwọn kan nínú wọ́ọ̀dù ní àrùn rẹ̀ ló ń le sí i, pé kí a tún fi abẹ́rẹ́ kún un.

Àwọn àmì mẹ́ta ni n kò lè fi sí haloperidol lọ́rùn. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà ní 100/60 nígbà tó dùbúlẹ̀, ó sì já sí 78/50 nígbà tó dìde, òyì kọ́ ọ, a sì ní láti gbá a mú. Haloperidol kì í sábà fa irú èyí, nítorí pé ọwọ́ tó fi kan àwọn rìsẹ́pítọ̀ tó ń mú òpó ẹ̀jẹ̀ sún kì kò fi bẹ́ẹ̀ le. Promethazine lè dín ìfúnpá kù díẹ̀, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a gún un, ó sì ti pé ọjọ́ mẹ́rin. Èkejì ni ìlù ọkàn rẹ̀, tó jẹ́ 54 ní ìṣẹ́jú kan, tí kò sì yára sí i nígbà tí ìfúnpá rẹ̀ já. Ọkàn ọ̀dọ́ tó bá dìde tí ìfúnpá rẹ̀ já yẹ kí ó máa sáré. Ẹ̀kẹta kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ mú mi ronú: imú rẹ̀ dí láti ọjọ́ tó ti dé, láìsí ikọ́, láìsí ọ̀fìnkìn. A wọn ìgbóná ara rẹ̀ ní gbogbo wákàtí mẹ́rin, nítorí pé ara líle pẹ̀lú ibà lẹ́yìn haloperidol lè jẹ́ ewu tó ń pa ènìyàn, ó sì yẹ kí a gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá láìdúró. Ara rẹ̀ kò gbóná rárá, kò làágùn, ọkàn rẹ̀ sì wà lójú kan. Dókítà ní kí a máa ṣọ́ ọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ keje, nígbà tí díákónì ti padà sílé, mo jókòó ti ìyá rẹ̀. “Okun o, Màmá,” ni mo kí i, ó sì dáhùn. N kò tún bi í bóyá ó ti lo nǹkan, torí pé ó ti dáhùn ìyẹn níwájú ẹlòmíràn, ó sì máa ṣòro fún un láti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ohun tí mo sọ ni pé, “Màmá, mo mọ̀ pé kò sí ìyá tí yóò jókòó ti ọmọ rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin láìwá nǹkan kan ṣe sí i. Kí ni ẹ ṣe tó kọ́kọ́ mú un sùn?” Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fa ìgò kan jáde láti inú àpò tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àgbo náà ló wà nínú rẹ̀, ó kù díẹ̀ kí ó tán. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé, ó ń po ìdajì ife rẹ̀ mọ́ ẹ̀kọ fún un ní gbogbo alẹ́. Nígbà tó sì rí i pé ara ọmọ ń le, ó sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ó rò pé abẹ́rẹ́ wa ló ń ba iṣẹ́ àgbo jẹ́.

Bàbá oníṣègùn náà kò fi ohun tó wà nínú rẹ̀ pamọ́ nígbà tí mo lọ bá a. Èèpo gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ ni olórí rẹ̀, pẹ̀lú àwọn nǹkan mìíràn tí kò kan ọ̀rọ̀ yìí. Igi yẹn, tí orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ ewéko jẹ́ Rauvolfia vomitoria, ní èròjà tí wọ́n ń pè ní reserpine nínú gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ̀yà igi náà tó wà ní Íńdíà ni àwọn onímọ̀ ní ilé iṣẹ́ Ciba ní Switzerland ti yọ ọ́ ní ọdún 1952, òyìnbó sì lò ó fún wèrè àti fún ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọdún púpọ̀. Oníṣègùn ọpọlọ kan tó ti Kánádà wá, Raymond Prince, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1960 pé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà ń fi igi yìí wo wèrè. Kì í ṣe àròsọ ni bàbá yẹn ń tà. Oògùn gidi ni, tó ń ṣiṣẹ́ lórí dópámìnì kan náà tí haloperidol wa ń ṣiṣẹ́ lé lórí.

Ọ̀nà tó gbà ń ṣe é ni ó yàtọ̀. Reserpine kì í bà lé D2. Inú sẹ́ẹ̀lì tó ń rán iṣẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Sẹ́ẹ̀lì yẹn máa ń kó dópámìnì sínú àwọn àpò kéékèèké títí di ìgbà tí yóò tú u jáde, reserpine ni ó sì ń ba ohun tó ń kó o wọlé jẹ́. Dópámìnì tí kò bá rí àpò wọ̀ a bàjẹ́ níta, kì í pẹ́ tí àpò náà á fi ṣófo. Kì í ṣe dópámìnì nìkan. Nọradrẹ́nálìnì tó ń gbé ìfúnpá ró, tó sì ń mú ọkàn sáré, ń ṣòfò bẹ́ẹ̀, sẹ́rótónì, kẹ́míkà ọpọlọ mìíràn, pẹ̀lú. Ìfúnpá tó já, ọkàn tó lọ́ra, imú tó dí nítorí pé òpó ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ dẹ̀: àwọn àmì mẹ́ta tí mo ń wá ẹni tó ni wọ́n rí olówó wọn. Ohun tó tún burú ni pé reserpine máa ń ba ohun tó ń kó dópámìnì yẹn jẹ́ pátápátá, sẹ́ẹ̀lì sì ní láti ṣe tuntun. Nítorí náà, bí a bá dá àgbo dúró lónìí, ipa rẹ̀ lè wà lára fún ọjọ́ púpọ̀, ó lè gba ọ̀sẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ọmọ yìí ń gbé. Àgbo ti sọ àpò dópámìnì rẹ̀ di òfìfo, ìwọ̀nba tó kù tó sì lè tú jáde kò rí D2 tó ṣí sílẹ̀ láti bà lé, nítorí haloperidol ti gba ibẹ̀. Iṣan rẹ̀ kò gbọ́ ìròyìn láti ìhà kejì mọ́. Ní ọdún 1957, Arvid Carlsson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden fún àwọn ehoro ní reserpine títí tí wọn kò fi lè mira, wọ́n wá fún wọn ní L-dopa, ohun tí ara fi ń ṣe dópámìnì, àwọn ehoro náà sì tún ta jí. Láti ibẹ̀ ni ayé ti mọ̀ pé dópámìnì fúnra rẹ̀ jẹ́ òjíṣẹ́ nínú ọpọlọ, iṣẹ́ náà sì wà lára ohun tí wọ́n fi fún Carlsson ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2000. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tún un sọ fún mi bí a ṣe dúró ti bẹ́ẹ̀dì náà, ọ̀dọ́ kan tó wà pẹ̀lú wa sì béèrè pé kí ló dé tí a kò fún ọmọ yìí ní L-dopa bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé dópámìnì tí L-dopa bá mú wá kò ní yan ọ̀nà iṣan nìkan, yóò dé ọ̀nà tí òṣùwọ̀n kajú ti ń di àrokò, ó sì lè dá àwọn ohùn yẹn padà pẹ̀lú agbára.

Ohun tí a ṣe kò le. A bẹ ìyá rẹ̀ pé kí ó dá àgbo dúró, ó sì gbé ìgò náà fún mi. A dá haloperidol náà dúró, a fi benzhexol sílẹ̀, a ń fún un ní omi àti iyọ̀ dáadáa, a sì kọ́ ọ láti máa jókòó létí bẹ́ẹ̀dì kí ó tó dìde. Díákónì kò mọ̀ nípa ìgò náà títí tí ìyá fúnra rẹ̀ fi sọ fún un lẹ́yìn náà. N kò rí i pé iṣẹ́ mi ni láti sọ ọ́. Ní ọjọ́ kẹrìnlá tó ti dé ọ̀dọ̀ wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fì ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń rìn, ìfúnpá rẹ̀ nígbà tó dìde sì jẹ́ 106/70. Àwọn ohùn náà padà wá, ó sì ní òun ń gbọ́ wọn láti inú fáànù wọ́ọ̀dù.

Ìbéèrè tó kù ni irú oògùn tí yóò tẹ̀ lé e. Ẹnìkan mú Largactil wá sọ. Òun náà ń bà lé D2, ó sì tún ń bà lé rìsẹ́pítọ̀ asẹtilikólìnì fúnra rẹ̀, nítorí náà ọrùn yíyí kò pọ̀ nídìí rẹ̀ tó ti haloperidol. Ṣùgbọ́n ó tún ń dí rìsẹ́pítọ̀ alpha-1 tó ń mú òpó ẹ̀jẹ̀ sún kì, ọmọ tí ìfúnpá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè padà kò sì yẹ fún irú rẹ̀. Èkejì ni pé kí a padà sí haloperidol tó kéré gan-an. Ìwádìí kan tí Shitij Kapur àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Toronto, tó jáde ní ọdún 2000, lo ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣàìsàn, mílígíráàmù 1 tàbí 2.5 haloperidol lójúmọ́ sì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rí i pé àǹfààní oògùn ń hàn dáadáa nígbà tí ó bá dí nǹkan bí ìdá 65 nínú 100 D2, tí ara líle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó bá ju nǹkan bí ìdá 78 lọ. Àlàfo láàárín ìwòsàn àti ara líle tóóró púpọ̀. Lójú tèmi, mílígíráàmù 10 lójúmọ́ fún ọ̀dọ́ tí kò tíì lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ rí pọ̀ jù, àṣà tí a ń tẹ̀ lé nínú ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa ni, ó sì yẹ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí àgbo kankan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Olanzapine, ọ̀kan nínú àwọn oògùn wèrè tuntun, ni dókítà yàn, mílígíráàmù 5 ní alẹ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó di 10. Òun náà ń dí D2, ṣùgbọ́n ó tún ń dí rìsẹ́pítọ̀ sẹ́rótónì kan tí wọ́n ń pè ní 5-HT2A, a sì gbà pé èyí máa ń jẹ́ kí dópámìnì tú jáde díẹ̀ sí i ní ọ̀nà iṣan. Ó tún ní agbára lórí rìsẹ́pítọ̀ asẹtilikólìnì. Ara ọmọ náà kò le mọ́. Oorun padà wá ní alẹ́ àkọ́kọ́, kì í sì í ṣe nítorí pé àrùn ti lọ: rìsẹ́pítọ̀ hísítámìnì, kẹ́míkà ọpọlọ mìíràn, ni olanzapine dí, ohun kan náà tó ń mú kí Phenergan mú ènìyàn sùn. Mo sọ èyí fún ìyá rẹ̀ kí ó má baà rò pé oorun ni ìwòsàn, bí ó ti rò nígbà àgbo. Ìwòsàn gan-an lọ́ra. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ní àwọn ohùn náà ṣì wà ṣùgbọ́n wọn kò mọ orúkọ òun mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, nígbà tó wá fún àyẹ̀wò, ó ní òun kò gbọ́ wọn láti ọjọ́ mélòó kan. Mo bi í nípa òṣùwọ̀n kajú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bóyá irọ́ ni òṣùwọ̀n náà ń pa fún àwọn àgbẹ̀, kì í ṣe fún òun.

Ìṣòro tuntun dé pẹ̀lú ìtura. Ebi. Rìsẹ́pítọ̀ hísítámìnì kan náà àti ọ̀kan nínú ti sẹ́rótónì ló wà nídìí rẹ̀, kì í ṣe ọ̀jẹun. Ìyá rẹ̀ ń gún iyán fún un lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ pẹ̀lú ayọ̀, nítorí pé fún oṣù púpọ̀ ni ọmọ yìí kò fi jẹun, ta ni yóò sọ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé kí ó dín iyán kù? Èmi ni mo sọ ọ́. Láàárín oṣù mẹ́ta ó ti fi kílò 9 kún ìwọ̀n ara rẹ̀. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ó tó jẹun ṣì dára, ṣùgbọ́n a ń wọ̀n ọ́n nígbà gbogbo, torí pé olanzapine lè fa àtọ̀gbẹ kódà nínú ọ̀dọ́.

Mo padà lọ sọ́dọ̀ bàbá oníṣègùn, kì í ṣe láti bá a jà. Mo ṣàlàyé fún un pé asofẹ́yẹjẹ rẹ̀ àti abẹ́rẹ́ wa ń lépa ohun kan náà láti ọ̀nà méjì, àti pé nígbà tí méjèèjì bá pàdé, ọmọ a di igi. Ó fetí sílẹ̀, lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí n kò retí: pé òun ti rí irú rẹ̀ rí lára ẹni tó ń lo àgbo òun nìkan, àti pé bí òun bá ti rí i pé aláìsàn ń wọ́ ẹsẹ̀, òun máa ń dín in kù. Ìmọ̀ nípa ìwọ̀n nìyẹn, láìsí ìwé. Ní ọdún 1954 ni Adéoyè Lámbò, oníṣègùn ọpọlọ ọmọ Nàìjíríà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀ ní abúlé Arò, l'Ábẹ́òkúta, n kò sì rí ìdí tí àwa tí a wà ní ilẹ̀ Okun, tí Yàgbà jẹ́ apá kan rẹ̀, fi ní láti máa ṣe bí ẹni pé wọn kò sí, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ni aláìsàn wa ń kọ́kọ́ rí. A fẹnu kò sí pé bí ó bá rán ẹnikẹ́ni wá sọ́dọ̀ wa, yóò kọ ọjọ́ tí ẹni náà lo àgbo kẹ́yìn sí ara bébà, kò ní bèèrè owó rẹ̀, àwa náà kò sì ní bú u níwájú ìdílé.

Ní wọ́ọ̀dù wa, ìbéèrè nípa àgbo ti kúrò ní ibi tí gbogbo ẹbí ti ń gbọ́. A ń bi ìyá tàbí ẹni tó ń bọ́ aláìsàn lóun nìkan, a ń bi í ní ọjọ́ tó dé àti ní ọjọ́ kẹta, a sì ń wọn ìfúnpá ní ìdùbúlẹ̀ àti ní ìdìde kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé. Ọmọ náà ti padà sẹ́nu iṣẹ́ kajú. Mílígíráàmù 10 olanzapine ló ṣì ń lò ní alẹ́. Ó ti ń bèèrè ìgbà tí a óò dín in kù nítorí ikùn rẹ̀ tó ń yọ, dókítà sì ti sọ fún un pé kí ó lo ó fún ọdún kan kí a tó gbìyànjú 7.5.